Lánlọ́ọ̀dù mi ń ṣílẹ̀kùn wọlé nígbà tí mi ò sí nílé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Agége ni mo ń gbé, mi ò sì jẹ gbèsè owó ilé kankan. Bàbá onílé ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹrẹ̀ bàtà ni mo bá lórí kápẹ́ẹ̀tì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Wọ́n ní páìpù tó ń jò làwọn wá wò. Páìpù wo? Kíṣìnì ni páìpù wà!

Òfin ilé yíyá ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí onílé kọ̀wé sí ayálégbé kó tó wá wo ilé, kó sì jẹ́ ojú mọmọ. Ṣé kí n kàn pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, àbí kí n kọ lẹ́tà sí wọn ná? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ tí kò fi dìjà? Wọ́n ju bàbá tó bí mi lọ, mi ò fẹ́ rí wọn fín. Àmọ́ èmi nìkan ni mò ń gbé, oorun ò sì kùn mí mọ́ lóru.