Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi: ṣé kí n padà sílé ìwé lọ́mọ ọdún 37?

Ìyá Àyọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti lé lóṣù kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìpínlẹ̀ New York ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 37 ni mí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá, òun ló wá ṣe gírínkáàdì fún èmi náà, mo dé lọ́dún 2022. Home care ni mò ń ṣe. Màmá kan tó ti lé lẹ́ni 80 ni mò ń tọ́jú, láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́jọ àárọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nílé, mo ṣe ọdún kan ní pólì kí owó tó tán. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà. Ó ti wà lọ́kàn mi láti kékeré, kì í ṣe torí owó. (Ó dáa, owó náà wà níbẹ̀.)

Lóṣù kẹrin mo kọ fọ́ọ̀mù sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọdún méjì. Ọjọ́ yẹn ni mo ti dáràn. Òní wọ́n á pè, ọ̀la wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ọ̀túnla ìméèlì. "O ò tíì parí ìforúkọsílẹ̀ rẹ." Ọkọ mi ní ilé ìwé tó bá dáa kì í sáré tẹ̀lé èèyàn bí ẹni ń ta gàlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Yàrá àkọ́kọ́ ní kí n lọ sí yàrá kejì. Yàrá kejì ní "hold" wà lórí orúkọ mi, ìyẹn ni pé wọ́n dá mi dúró, pé kí n mú ẹ̀rí abẹ́rẹ́ MMR (ti measles, mumps àti rubella) wá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ní Iléṣà nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi! Èkúté ti fi káàdì yẹn jẹun tipẹ́. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ibi gidi ni, àbí kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọ̀rẹ́ mi ń lọ, tí wọn ò yẹ èèyàn wò tó báyìí? Ọkọ mi ò tún fẹ́ kí n fi owó tó ń wọlé fún òun sínú FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ó ní ìjọba á padà wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba E8 nínú ìṣirò WAEC. Àyọ̀ ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ sọ fún ọkọ yín pé àwa tí wọ́n ní a mọ owó ò sá fún owó ọ̀fẹ́ rí. 😂 Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ná.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì

Àbúrò mi, nu ojú ẹ nù. Èmi jẹ́ 41 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ìbejì sì wà ní kíláàsì kejì.

MMR yẹn ò le rárá. Òfin New York ni, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti 1957 wá, tó bá ń mú kírédíìtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Káàdì Iléṣà kọ́ ni wọ́n ń wá. Lọ sí kíníkì, ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá ààbò àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lára rẹ. Bó bá wà, ìwé àyẹ̀wò yẹn náà ni ẹ̀rí. Bí kò bá sí, kí wọ́n gún ọ lábẹ́rẹ́. Má jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo lé ọ padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni: béèrè iye gbèsè tí ọ̀rẹ́ rẹ jẹ, má béèrè iye tó san. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ọlọ́dún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àti ẹni tó ṣe ọlọ́dún mẹ́rin ní yunifásítì, NCLEX-RN kan náà, ìdánwò ìwé àṣẹ RN (registered nurse, nọ́ọ̀sì gan-an), ni wọ́n ń jókòó ṣe. Kò sí ti olówó, kò sí ti tálákà. Ọ̀rọ̀ pé àwọn ọsibítù kan ń fẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó sì máa parí ìyókù. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tèmi ni màá sọ fún ọ. Bí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé, wọn ò tíì gbà ọ́ sí nọ́ọ̀sì. "Pre-nursing" ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ rẹ. Wàá kọ́kọ́ ṣe Anatomy and Physiology (ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn) apá kìíní àti ìkejì, Microbiology, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Psychology, kó o tó kọ ìdánwò ìgbàwọlé, TEAS tàbí HESI, ó dọ́wọ́ ilé ìwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wo máàkì rẹ láàárín àwọn ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já. A&P kìíní, mo gba 54 nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní nọ́ọ̀sì lójú àlá! Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ibi ìkàwé tí wọ́n ti ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ àfikún lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti gba iwájú ẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo rò pé ti àwọn olódo ni. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó lè tó ẹni ọdún 20, gbé egungun ọwọ́ oníke kalẹ̀, ó ní kí n dijú kí n máa fọwọ́ bà wọ́n, kí n máa pe orúkọ wọn. Scaphoid, lunate, triquetrum. Mo gba 88 nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé e. Títí dòní, bí mo bá di ọwọ́ aláìsàn mú, àwọn orúkọ yẹn ló ń sọ sí mi lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n òru mẹ́rin pẹ̀lú A&P? Rárá o. Dín in kù.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta gàlà yẹn dùn mí díẹ̀, torí èmi gan-an wà lára àwọn tó ń pe èèyàn. 😅 Ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo wà, iṣẹ́ ìgbaniwọlé ni mò ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì irú ẹ̀.

Láti bíi 2010 ni iye akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ti ń fà sẹ́yìn káàkiri Amẹ́ríkà, kòrónà sì tún wá dá kún un lọ́dún 2020. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, iye orí tó wà ní kíláàsì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó tó ń wọlé fún wa. Mi ò ní purọ́, owó wà nínú ìpè yẹn. Ṣùgbọ́n mo tún ń rí i lójoojúmọ́: ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù lóṣù kẹrin, bí a ò bá pè é, a lè má rí i mọ́ lóṣù kẹjọ. Ìwé kan ló máa ń dá a dúró, bíi ti MMR yín yìí. Ìtìjú ò sì ní jẹ́ kó béèrè.

Nígbà tí wọ́n bá tún pè, ẹ má kàn ní "ẹ ṣeun, mo ti gbọ́". Ẹ ní: "Hold mélòó ló wà lórí orúkọ mi, ta ló lè yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan?" Kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀. Tí ẹni tó pè bá sì ń béèrè nọ́ńbà Social Security, ẹ pa fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé pè wọ́n padà. Gbájú-ẹ̀ náà ń pè.

FAFSA wá. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ṣe táàsì pọ̀, ọkọ yín ò ní láti ṣí àkáǹtì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ sí i, táàsì yẹn á sì wọlé tààrà. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń ṣe é, òun náà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tiẹ̀, kó sì gbà kí wọ́n wo táàsì rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, gbígbà tó gbà ò sọ ọ́ di onígbèsè. Kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò ẹ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù náà, ẹ má sanwó fún "agent" kankan.

Pell, owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe gbèsè. Iye tó ga jù fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 ni $7,395, tí èèyàn bá ń ṣe é ní kíkún. Ẹni tó bá mú kíláàsì díẹ̀, owó náà á dín kù bákan náà. Kí ẹ lè fi wé nǹkan: ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti CUNY (yunifásítì ìlú New York), $4,800 lọ́dún ni owó ilé ìwé fún olùgbé New York.

Ẹ tún béèrè TRIO, ètò ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó ẹ̀, fún ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò ní dígírì, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un kéré, tàbí tó ní àìlera kan. Adviser (agbaninímọ̀ràn) TRIO ò ní ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́rùn bíi ti àwọn tó kù, á mọ orúkọ yín, á mọ̀ pé ẹ lọ́mọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti dé. Ẹ̀yin ẹni 25 sí 55 tí ẹ wà ní New York, tí ẹ ò tíì ní dígírì kankan, ẹ wo Reconnect, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí SUNY (yunifásítì ìpínlẹ̀ New York) àti CUNY bẹ̀rẹ̀ nígbà ìwọ́wé 2025. Bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ bá wà lára àwọn tí ìjọba ń wá èèyàn sí, nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀, wọ́n á san ohun tí Pell àti TAP (owó ìrànlọ́wọ́ ti ìpínlẹ̀ New York) ò bá ká, títí kan ìwé kíkà. Ó tán. Ẹ wá ra ọtí fún mi.

Adébọ̀wálé B.Sc.

Ẹ dákun, èmi ní B.Sc. láti Nàìjíríà. Ẹnìkan ní kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, kí n ní WAEC nìkan ni mo ní, kí n lè rí Pell gbà. Báwo ni ẹ ṣe rí i sí?

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá ti ní bachelor's kì í gba Pell mọ́ fún irú ẹ̀kọ́ dígírì yìí, ibi yòówù kó ti gbà á lágbàáyé. Ẹ̀yin lẹ sì máa bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé òótọ́ lẹ sọ. Bí wọ́n bá rí i lọ́la, ẹ máa dá owó padà, ẹ̀rù ìgbẹ́jọ́ sì tún wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀yáwó ìjọba, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ ti ṣe nílé, wọ́n lè mú díẹ̀ kúrò fún yín.

Bọ̀dá Dallas

Èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí. Ìyàwó ilé tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ ní kó lọ máa ka egungun. Kó lọ ṣe LPN, nọ́ọ̀sì onípele ìsàlẹ̀, láàárín ọdún kan ó ti ń pa owó.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì

Bọ̀dá, LPN ò burú, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n RN ló ní òun fẹ́. Ẹni tó ní iyán lòun fẹ́ jẹ, ẹ ń gbé ẹ̀bà kò ó.

Kò-sẹ́ni-tó-mọ̀-mí

Mi ò ní fi orúkọ mi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ níbì kan ní 2019. Ìyá mi ṣàìsàn nílé, mo gbéra, mo lọ sí Nàìjíríà láàárín sẹ̀mẹ́sítà, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo rò pé tí èèyàn ò bá lọ mọ́, ó ti parí náà nìyẹn. Nígbà tí mo padà dé, F mẹ́rin ló ń dúró dè mí, pẹ̀lú ìwé gbèsè. Ó ní bí èèyàn bá fi kíláàsì sílẹ̀ kí ìpín 60 nínú 100 sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, apá kan owó ìjọba náà gbọ́dọ̀ padà, ilé ìwé á sì kọjú sí ẹ. Wọ́n tún ní máàkì mi ti já wálẹ̀ ju ohun tí wọ́n lè fún ní Pell lọ. Ọdún méjì ni mo fi san án, $50, $50.

Obìnrin kan ní ọ́fíìsì owó ló wá sọ fún mi pé ká ní mo kọ ìméèlì kan péré kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn ì bá ti bá mi ṣe nǹkan sí i. Ìwé ikú ìyá mi ni mo fi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi gbà mí padà. Ìyá Àyọ̀, bí ọmọ bá ṣàìsàn, bí iṣẹ́ bá bọ́, kọ ìméèlì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ọ̀ràn ìyá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ìyá Àyọ̀, ohun kan tó kù: ASAP. CUNY ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, àwọn SUNY kan náà ti gbà á. Wọ́n á fún yín ní adviser tí ẹ gbọ́dọ̀ máa rí déédéé, owó ọkọ̀, ìrànlọ́wọ́ ìwé. Àwọn MDRC, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan, fi ẹni tó wà nínú ẹ̀ wé ẹni tí kò sí níbẹ̀: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú 100 ti gbà ìwé ẹ̀rí, àwọn tó kù 22. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ ní kíkún, kírédíìtì 12, kì í sì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbà. Òru mẹ́rin yẹn la tún padà sí. Ẹ béèrè ibi ìtọ́jú ọmọ nínú ọgbà náà, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ní in, àyè ẹ̀ sì máa ń tètè kún.

Ìyá Àyọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ka ti Kò-sẹ́ni-tó-mọ̀-mí fún ọkọ mi sókè.

Mo lọ fa ẹ̀jẹ̀. Ààbò ti wà lára mi, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Nọ́ọ̀sì Iléṣà yẹn ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Mo fi ìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Ajé wọ́n tún pè mí, mo bá béèrè bí ẹ ṣe ní kí n béèrè: hold mélòó? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "kò sí mọ́". Táàsì àjọṣe là ń ṣe, kò sì tó wákàtí kan tí mo fi parí FAFSA. Ọkọ mi jókòó tì mí ní gbogbo ìgbà náà, ó ń wò mí bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti gbà kí n máa ṣe òru méjì. Torí náà ASAP ò tíì ṣeé ṣe. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni mo mú, wọ́n ní wákàtí àfikún wà lára ìṣirò yẹn fún irú wa. Àyọ̀ wà lórí ìwé ìdúródè ibi ìtọ́jú ọmọ, ìkọkànlá ni. Wọ́n ní kí n má ra ìwé A&P sílẹ̀ kí ó tó di sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, àmọ́ mo fẹ́ máa kà á díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ nígbà tí màmá bá sùn. $200 ó lé ni mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì

Ojú ẹ fọ́? $200! Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí. Ó ti gbó, mo ti fi bírò pupa kọ orúkọ Yorùbá sára gbogbo egungun tó wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sì da Milo sí ojú ìwé kídìnrín. Fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.