Ìdáhùn: "afàtọ̀", ta ló ń fa ìtọ̀?

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, fún ìwé ìtọ́jú àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu àti àwọn tí kò rí ìtọ̀ tọ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí "afàtọ̀", tí wọ́n fẹ́ ká máa pe rọ́bà tí a ń fi sí ojú ara kí ìtọ̀ lè jáde, ara mi kò gbà á. Ọdún 28 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo sì pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpajẹ, ìyẹn bí fáwẹ̀lì kan ṣe ń jẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé. "Ka ìwé" di kàwé. "Fa ìtọ̀" náà á di fàtọ̀. "Fa àtọ̀" ńkọ́? Fàtọ̀ náà ni! Ẹ wá lọ sọ fún bàbá ẹni 70 ọdún, tí kò tíì tọ̀ láti àná, pé ẹ fẹ́ fi afàtọ̀ sí i lára. Á ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ òun wá ná.

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní àtọ̀ wà nínú "àtọ̀gbẹ" náà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́. Àbúrò, ẹ tún un wò. Nínú àtọ̀gbẹ, à ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tọ̀ àti gbẹ sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì: ẹni náà ń tọ̀, ó ń gbẹ. Ní ti afàtọ̀, fà ń wá àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ń fà, orúkọ méjì ló sì lè bọ́ síbẹ̀: ìtọ̀ tàbí àtọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni fà yẹn gan-an. Rọ́bà yìí kì í fa nǹkan kan. Ìtọ̀ ló ń fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀rá tó ń gbà á wà rẹlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé ọ̀rá náà sókè, ìtọ̀ tó ti jáde lè padà wọlé tòun ti kòkòrò, ni ibà bá dé. Mo ti rí ọmọ tó gbé e lé bàbá rẹ̀ láyà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹni tí a bá sọ fún pé rọ́bà ń fà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ibi tí ọ̀rá wà ṣe pàtàkì?

Wọ́n tún wá pe ọ̀rá náà ní "àpò ìtọ̀". Háà! Inú ara ni àpò ìtọ̀ wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹ gbọ́ bí òfin ìtọ́jú á ṣe rí: àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Kí lẹ gbọ́ níbẹ̀?

Sísítà àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, kì í bá aláìsàn sọ gírámà. Á ní: "Bàbá, rọ́bà rèé, ọ̀rá rèé. Ìtọ̀ á máa ṣàn sínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ìsàlẹ̀ ikùn yín lọ, ẹ má sì jẹ́ kó kanlẹ̀." Bàbá tí kò mọ̀wé á gbọ́, á tún un sọ fún ìyàwó rẹ̀ láìku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ní rọ́bà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Àyálò ni àlùbọ́sà náà, ta ló yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀?

"Ìṣànfun" fún ìgbẹ́ gbuuru, n kò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ìfun kì í ṣàn. Omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga lórí: àwọn ìyá wa ń po ó fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọn kò dúró de ọ̀rọ̀ tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Ẹ gba ito rẹ̀ sínú ike" lẹ kọ. Itọ́ ni àbí ìtọ̀?

"Ọ̀rá ìtọ̀" ni èmi fẹ́ ká máa pe ọ̀rá náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ọ̀rá ẹran lòun gbọ́ níbẹ̀. Kó mú tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi í sínú gbólóhùn yìí ká gbọ́ ọ: nǹkan yìí gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀.