Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kitsune, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àwọn ará Jàpáàn, fún eré LARP wa

AláréInúIgbó: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe LARP mọ̀ ọ́n: ká wọṣọ bí jagunjagun tàbí oṣó, ká gbé idà fóòmù, ká máa gbé inú ìtàn títí òpin ọ̀sẹ̀ á fi parí. Níbí ní Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò àwọn ẹbọra fún eré wa tó ń bọ̀. Kitsune wù mí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń di èèyàn. Agbára wo ni kí n fún un? Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ìrù mẹ́sàn-án sáré? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o.

ÌyáAránṣọ: Ìrù mẹ́sàn-án kẹ̀? Má dán an wò. Irun àtọwọ́dá wúwo, bí òjò bá tún wá pa á, ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Nínú ìtàn wọn, ọjọ́ orí ló ń fi kún ìrù. Ó di bí ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó pé mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ́ ni tìẹ, ìrù kan tó o. Rán an bí àpò tẹ́ẹ́rẹ́, fi ìgékù fóòmù kún un, má fi wáyà sí i rárá, torí ẹnì kan á ṣubú lé e. Ara bẹ́líìtì tó fẹ̀ ni kó o so ó mọ́. Bó bá jẹ́ ara ṣòkòtò lo rán an mọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá fà á, ìwọ náà á gbọ́. Kí ìbòjú mọ síbi imú, kí ẹnu lè sọ̀rọ̀, kó o sì gé ihò ojú rẹ̀ kó fẹ̀ dáadáa nítorí òkùnkùn.

ỌmọOnítàn: Èmi ò ní fún un ní idà. Kitsune tó bá lè tanni, kí ló fẹ́ fi ìjà ṣe? Jẹ́ kó wọ eré bí opó oníṣòwò, kó bá wọn jẹun, kó máa gba àṣírí lẹ́nu wọn. Kó o wá fi àmì síbi tí olóye á ti rí i: ẹ̀rù ajá ń bà á, bó bá bẹjú wo omi, ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló lè yọ, tófù díndín, ìyẹn wàrà sóyà, sì ni wọ́n ní ó fẹ́ràn jù. Kuzunoha, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó jẹ́ ìyá Abe no Seimei, gbajúmọ̀ awòràwọ̀ ìgbàanì ní Jàpáàn, bá ọkọ gbé dáadáa títí ọmọ fi rí ìrù rẹ̀. Ó kọ ewì sílẹ̀, ó padà sínú igbó Shinoda. Ó jọ ìtàn ọdẹ àti obìnrin àgbọ̀nrín tiwa, àmọ́ kò sí awọ tẹ́nì kan jí gbé níbẹ̀.

Bó o bá fẹ́ èyí tó burú, Tamamo-no-Mae ni. Ààfin Ọba Toba ló wà, ọba ń ṣàìsàn, aláyẹ̀wò wá tú àṣírí pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí ló fà á. Wọ́n pa á ní Nasu, ó di òkúta tó ń pa ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Òkúta náà ṣì wà ní Nasu yẹn, ní ìpínlẹ̀ Tochigi. Ó là sí méjì ní 2022. Ẹni bá fọwọ́ kan irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú eré yín, kó pàdánù ẹ̀mí kan.

Àgbà_Ọ̀jẹ̀: Ẹ rọra o. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ni ìránṣẹ́ Inari, òrìṣà ìrẹsì, àwọn èèyàn sì ń gbàdúrà ní Fushimi Inari ní Kyoto títí dòní. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lára wa tí wọ́n bá sọ Èṣù di sàtánì nínú fíìmù. Yako, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú ìgbẹ́ lásán, ni kẹ́ ẹ lò fún ìwà ìkà. Ẹ má gbé ojúbọ Inari wọ eré.

AláréInúIgbó: Ẹ ṣé, bàbá. Yako ni n ó mú. Iná wọn tó ń jó lóru ńkọ́?

ÌyáAránṣọ: Kitsunebi. Gílóòbù kékeré oníbátìrì nínú ike funfun, kí ẹnì kan máa gbé e rìn lọ́ọ̀ọ́kán. Iná gidi kọ́ o, ewé gbígbẹ pọ̀.

ỌmọOnítàn: Bí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn, a máa ń ní ẹkùn ń bímọ, àwọn ará Jàpáàn ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbéyàwó. Pẹ̀lú ojú ọjọ́ Yorkshire yẹn, ẹ múra ìyàwó kan sílẹ̀.

ÌyáAránṣọ: Kó o tó gbé tófù wá, béèrè lọ́wọ́ gbogbo òṣèré bóyá sóyà ń bá ara wọn mu.