“Ìrìn” kọ́, ìgbérelé ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “oògùn ìdàgbàsókè” ní Yorùbá fún “nerve growth factor” (NGF), èròjà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára yọ ẹ̀ka. Wọ́n tún pe bó ṣe ń ti ṣóńṣó ẹ̀ka dé àárín sẹ́ẹ̀lì ní “ìrìn”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, méjèèjì kò wọ̀ mí létí.

Àwọn olóṣèlú ti gba “ìdàgbàsókè” lọ́wọ́ wa. Oògùn ńkọ́? Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èròjà yìí. Lọ́dún 1952, ní Rio de Janeiro, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Rita Levi-Montalcini gbé jẹjẹrẹ ara eku, tó ń tú èròjà yìí jáde, sí ẹ̀gbẹ́ kókó iṣan tí wọ́n yọ lára ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin. Láàárín ọjọ́ kan, okùn tín-ín-rín ti yọ yí kókó náà ká bí ìtànṣán oòrùn. Híhù nìyẹn, nítorí náà mo dábàá “amúhù”. (Àìsí rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì náà, “amúhù” kò sì sọ ìyẹn. Mo gbà.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pe bí amúhù ṣe ń so mọ́ p75 àti TrkA, àwọn purotéènì tó ń gbà á lára sẹ́ẹ̀lì, ní “lẹ̀ mọ́”, amúhù tètè ń bà lé p75, ó sì tètè ń fò kúrò bí ẹyẹ. Orí TrkA ló ti ń pẹ́. Kí ló dé tí a kò fi ní ya “bà lé” sọ́tọ̀ kúrò lára “dì mọ́”?

Ó wá ku “ìrìn”. Lọ́dún 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Campenot pín àwo sí yàrá mẹ́ta, ó fi gíríìsì dí ẹsẹ̀ ògiri kí omi wọn má baà pò. Ó ha ìlà sí ilẹ̀ àwo kí okùn lè tọ̀ ọ́ láti yàrá àárín, níbi tí sẹ́ẹ̀lì wà, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yá, ó yọ amúhù kúrò láàárín, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kò kú. Ibi tí kò sí amúhù, okùn ibẹ̀ rọ. Ohun tó bá amúhù ní ṣóńṣó ń dé ilé, ìyẹn àárín sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ẹsẹ̀ ta ni? Awọ sẹ́ẹ̀lì á gbé amúhù àti TrkA mì pa pọ̀ sínú àpò kékeré, dynein, purotéènì tó ń gbé ẹrù nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì rù ú bí aláàárù. Ta ló ń sọ pé ẹrù orí aláàárù ń rìn? “Ìgbérelé” ni tèmi.

Ẹnìkan tún pe TrkA ní “agbàlejò”. Onílé wo ló ń bá àlejò wọ àpò kan náà? Ẹ bá wa wá òmíràn.