Wọ́n fẹ́ yọ eyín tó hù kẹ́yìn lẹ́nu mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà fẹ́ yọ eyín ọgbọ́n mi tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ṣe ló hù dùbúlẹ̀, tó ń ti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, àtilanu gba ṣíbí dogun.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi sítírò mu nǹkan, kí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sójú ihò náà má baà ṣí kúrò, àti pé ó di ọjọ́ kejì kí n tó fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu. Ìyẹn yé mi.

Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ mímu nìkan ni? Ọjọ́ mélòó lẹ fi sinmi? Olùkọ́ ni mí, ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn náà ń bà mí gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.