Bàbá wa kò lè gbé omi mì dáadáa mọ́: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá wa, omi lásán ló ń pá wọn lórí. Ẹ̀kọ tó ki ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹnu kan omi tútù báyìí, ikọ́ á gbé wọn, ojú á pọ́n, ohùn wọn á sì máa dún bíi pé omi ṣì wà lọ́fun.

Ẹnì kan wá fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé ká dá wọn dùbúlẹ̀, ká máa da epo pupa sí wọn lẹ́nu, pé yóò la ọ̀nà ọ̀fun. Bùọ̀dá mi ti ra epo! (Ẹni tó fi ránṣẹ́ ń ta àgbo, ẹ fọkàn sí i.) Nọ́ọ̀sì ní ohun tó bá gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà, pé kí bàbá jókòó gangan jẹun, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ kí ìṣẹ́jú 30 tó kọjá.

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀fun wò? Ṣé lóòótọ́ ni ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki wà? Báwo ni mo ṣe máa bá bùọ̀dá sọ̀rọ̀ epo yìí láìdi ìjà?