Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ló ń ṣe bàbá wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá wa, ẹni ọdún 61, ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti bí oṣù márùn-ún ní Àkúrẹ́ níbí. Jẹ̀díjẹ̀dí la pè é. Àgbo tí màmá ń rà ní Ọjà Ọba, ìgò kan ń tán, òmíràn ń wọlé. Ṣùgbọ́n bàbá ti rù gan-an. Ìṣó ni wọ́n fi lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì wọn.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dín lára wọn, kí wọ́n lọ ṣe colonoscopy. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ìdí wọ inú ìfun ńlá, wọ́n á sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ tí wọ́n bá rí ohun tó mú ìfura dání, láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Bàbá fárígá. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn.

Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè gbé e kúrò. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Ta ló ti ṣe colonoscopy yìí rí? Ṣé ó ń dunni? Kí lẹ sọ fún àgbàlagbà tiyín tó fi gbà? Ṣé kí n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ifẹ̀ ni?